Kí Ló Ń Ṣí Bíríìjì Gìtá, Báwo La Sì Ṣe Ń Lẹ̀ Ẹ́ Tí Kò Fi Ní Ṣí Mọ́?

Tí ooru bá ti mú l'Ábẹ́òkúta, ẹnu àwọn onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì kì í yé sọ ọ́: "Bíríìjì gìtá mi ti ṣí o." Káfíńtà á ní top bond ló máa mú un. Ọmọ àdúgbò á ní super glue ló dájú. Ẹnìkan á tún yọjú pé kí wọ́n kúkú kan ìṣó mọ́ ọn kí ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ lónìí, á ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n á sì bú.

Lọ́pọ̀ ìgbà, gọ́ọ̀mù ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ojú igi tí wọ́n da gọ́ọ̀mù sí ló ní wàhálà nínú. Gọ́ọ̀mù káfíńtà lásán lórí igi tó mọ́, tó sì bára mu, á pẹ́ ju gọ́ọ̀mù olówó ńlá tí wọ́n fi lé fánìṣì lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan gìtá olóhùn igi àti yukulélé, ìyẹn gìtá kékeré olókùn mẹ́rin. Gìtá iná táwọn olórin jùjú ń lò kò sí níbẹ̀, torí sukúrù ni wọ́n fi de bíríìjì tirẹ̀ mọ́ odindi igi.

## Kí là ń pè ní bíríìjì?

Ojú gìtá ni pákó fẹ́lẹ́ tó wà níwájú, tó ní ihò róbótó láàárín. Òun ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Kì í sábà nípọn ju mílímítà 3 lọ. Ti yukulélé lè má tó 2. Nísàlẹ̀ ihò yẹn ni igi gbọọrọ kan dábùú sí, níbi tí ìdí okùn wà. Igi yẹn ni bíríìjì. Egungun tàbí rọ́bà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí rẹ̀, tí okùn gba orí rẹ̀ kọjá, ni sádù. Gìtá olókùn irin sábà máa ń ní píìnì mẹ́fà tó há ìdí okùn mọ́ inú ihò. Yukulélé àti gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù kì í sábà ní píìnì. Ńṣe ni wọ́n ń ta okùn ní kókó mọ́ bíríìjì fúnra rẹ̀. Irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, tí ìka ń tẹ̀ lé, ni fírẹ́ẹ̀tì.

Gọ́ọ̀mù nìkan ló sábà máa ń di bíríìjì mú.

## Ẹrù wo ló wà lórí gọ́ọ̀mù yẹn?

Okùn irin mẹ́fà tí páálí rẹ̀ kà .012 sí .053 (ìnípọn okùn ní ínṣì nìyẹn) máa ń fa bíríìjì pẹ̀lú agbára tó lé ní kílò 70, tí a bá ti yí gbogbo wọn dé ohùn tó yẹ. Ti náílọ́ọ̀nù jẹ́ bíi kílò 40. Okùn mẹ́rin yukulélé kì í sábà ju nǹkan bíi kílò 20 lọ. Ìdí bíríìjì gìtá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó sì fẹ̀ tó 3. Ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ yìí ló ń ru gbogbo ẹrù yẹn tọ̀sán tòru, kódà nígbà tí gìtá wà nínú àpò. Tí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ti ṣí, èyí tó kù ló ń ru tiwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí àlàfo kékeré kì í fi í dúró ní kékeré.

Okùn kì í sì í fa bíríìjì síwájú lásán. Orí sádù ló gbà, sádù sì ga sí ojú gìtá, nítorí náà ó ń fẹ́ yí bíríìjì dojú dé: iwájú rẹ̀ ń tẹ pákó mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ́ gbéra. Etí ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí ìdí gìtá, ni kí ẹ máa wò. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já.

Àwọn èèyàn a máa dá kún ẹrù yìí láìmọ̀. Wọ́n á ra okùn irin, wọ́n á so ó mọ́ gìtá náílọ́ọ̀nù, torí pé okùn irin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tàbí pé ó dún kíkan. Gìtá tí wọ́n ṣe fún kílò 40 wá ń ru 70. Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí bíríìjì kò bá ṣí, ojú gìtá á wú tàbí kí ọrùn tẹ̀. Ẹ ó dá gìtá náílọ́ọ̀nù mọ̀ nípa bí okùn ṣe so mọ́ bíríìjì láìsí píìnì, àti bí orí rẹ̀ ṣe ní ihò gbọọrọ méjì tí okùn ń wọ̀.

Àwọn mìíràn, nígbà tí olórin bá ní kí wọ́n gbé ohùn sókè, á yí gbogbo okùn le. Ìgbésẹ̀ kan péré sókè, ìwọ̀n fírẹ́ẹ̀tì kan, ń fi bíi ìdá 12 nínú 100 kún ẹrù náà. Ìgbésẹ̀ méjì ń fi bíi 26 kún un. Kápò, ohun ìhá tí a fi ń tẹ gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ orí gìtá.

## Kí ló ń ṣí i gan-an?

Ooru ló ṣáájú. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, tí wọ́n gbé sójú oòrùn ní Kútọ̀ lọ́sàn-án gangan, inú rẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 60 ti Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ní ìwọ̀n yẹn, gọ́ọ̀mù funfun àti ti yẹ́lò tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe gìtá ti ń rọ̀. Kò yọ́, ṣùgbọ́n okùn ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fi gìtá sílẹ̀ ní búùtù látàárọ̀ títí ìsìn fi parí ti ṣe é níkà.

Ọyẹ́ ló tẹ̀ lé e. Igi máa ń fẹ̀ nígbà òjò, á sì sún kì nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n ìbú ló ń bá sún, kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrú ní òòró. Fọ́nrán igi ojú gìtá lọ láti ọrùn sí ìdí. Ti bíríìjì dábùú rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá fún ojú gìtá pọ̀ ní ìbú, bíríìjì kọ̀, kò tẹ̀ lé e, gọ́ọ̀mù àárín wọn ló sì ń jẹ ìyà ìjà náà. Apá ọ̀tún àti apá òsì bíríìjì ló ń kọ́kọ́ fi hàn. Gìtá tí ojú rẹ̀ jẹ́ pláíwúùdù máa ń fara dà á ju èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ igi kan ṣoṣo lọ. Fóòmù tútù tí a fún omi rẹ̀ dáadáa, tí a fi sínú ike ọṣẹ tó ní ihò, ká sì gbé e sínú àpò gìtá, ń ran igi lọ́wọ́ láti oṣù Kejìlá títí ọyẹ́ á fi lọ.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gìtá olówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ pé wọ́n ti kun ojú rẹ̀ ní fánìṣì tán kí wọ́n tó lẹ bíríìjì lé e, tàbí kí wọ́n fá fánìṣì àárín nìkan kúrò. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn lẹ táìlì mọ́ ògiri tí wọ́n ti kùn lọ́dà: táìlì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà dáadáa, ọ̀dà ló bọ́ lára ògiri. Ẹ yí irú bíríìjì bẹ́ẹ̀ dé lẹ́yìn tó bá já, ẹ ó rí i pé fánìṣì tó ń dán ló wà ní ìdí rẹ̀, kì í ṣe fọ́nrán igi.

## Ṣé ó ti ṣí lóòótọ́?

Ẹ mú bébà ìkọ̀wé kan, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti tì í sábẹ́ etí ẹ̀yìn bíríìjì nígbà tí okùn ṣì le. Bí kò bá wọ̀, kò sí nǹkan kan. Bí ó bá wọ̀ ní bíi mílímítà kan yíká, tó sì dúró pátápátá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé etí fánìṣì tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ lẹ ń bá pàdé. Ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù kan. Bí ó bá wọ̀ tó mílímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó jìn ní ibì kan ju ibòmíràn lọ, ẹ dẹ okùn lọ́jọ́ náà gan-an. Bíríìjì tó fúnra rẹ̀ já máa ń fa fọ́nrán ojú gìtá ya lọ, iṣẹ́ ọ̀sán kan á sì di ti ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ má fi abẹ́rẹ́ fa gọ́ọ̀mù sínú àlàfo náà. Ìdọ̀tí àti gọ́ọ̀mù àtijọ́ ló wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù tuntun kò ní rí igi dì mú.

## Gọ́ọ̀mù wo ló yẹ?

Gọ́ọ̀mù yẹ́lò ti oníṣẹ́ igi ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ṣe láti fara da omi. Ó ń gbẹ le, kì í sún bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ooru sì lè tú u lọ́jọ́ tí àtúnṣe mìíràn bá dé. Ti funfun, top bond àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó fún yukulélé. Lórí gìtá olókùn irin, ó máa ń sún díẹ̀díẹ̀ nínú ooru. Gọ́ọ̀mù awọ ẹran, tí wọ́n ń sè nínú omi gbígbóná, làwọn àgbà oníṣẹ́ fẹ́ràn jù torí ó ń gbẹ gbagidi, àmọ́ ó ń dì láàárín ìṣẹ́jú kan péré. Kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Super glue kì í ní sùúrù fún ìyípo tí okùn ń ṣe. Ó le, ó sì ń fọ́. Èyí tó burú jù ni pé ó ń wọ inú fọ́nrán igi, gọ́ọ̀mù káfíńtà kò sì ní mú ibẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi fá a dé igi tuntun. Gọ́ọ̀mù oní túúbù méjì lágbára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tú u lọ́jọ́ iwájú á gé igi mọ́ ọn. Ti ṣúmékà kì í gbẹ le rárá: bí rọ́bà ló ṣe ń dúró, okùn á sì máa fà á lọ. Ní ti ìṣó, pákó mílímítà 3 kò ní ibi tó máa dì í mú. Lílà ni yóò là á.

Gọ́ọ̀mù tó ti pẹ́ lórí àtẹ nínú oòrùn lè ti kú. Ẹ fi lẹ pákó kékeré méjì pọ̀, ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi òòlù ya wọ́n. Bí igi bá ya kí gọ́ọ̀mù tó já, ó dára.

## Bí a ṣe ń yọ bíríìjì láìba ojú gìtá jẹ́

Ẹ yọ okùn, píìnì àti sádù. Ẹ fi dígí kékeré àti tọ́ọ̀ṣì wo inú gìtá: àwọn ilé iṣẹ́ kan fi sukúrù méjì kún gọ́ọ̀mù, wọ́n sì fi àmì funfun róbótó bo orí rẹ̀ lókè. Ẹni tí kò bá tú ìyẹn, tó wá ń fi ọ̀bẹ gbé e, á fa ojú gìtá ya.

Ẹ gé páálí kan kó bo ojú gìtá, kó ní ihò tó bá bíríìjì mu gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ sì fi bébà fàdákà ìdáná bò ó. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù, tí kò ní omi nínú, lé bíríìjì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. (Bíríìjì rọ́bà, tó wà lára àwọn yukulélé olówó pọ́ọ́kú, kò gbọ́dọ̀ rí áyọ́ọ̀nù.) Ẹ mú irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́ tí àwọn apọ̀dà fi ń fá ògiri, tí etí rẹ̀ kò mú, ẹ gbóná rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ tì í wọlé láti igun ẹ̀yìn. Títì ni, kì í ṣe gbígbé. Bó bá dúró, ẹ tún gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Bẹ́ ẹ bá rí fọ́nrán igi tó ń gbéra tẹ̀ lé irin, ẹ dúró, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí tó bá ti ya, ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

## Ojú igi: ibi tí iṣẹ́ wà

Ẹni tó bá lo wákàtí mẹ́ta lórí àtúnṣe yìí, kí méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ti ibí.

Ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, tí a fún, rọ gọ́ọ̀mù àtijọ́, kẹ́ ẹ fá a kúrò ní ojú gìtá àti ní ìdí bíríìjì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bíríìjì sáyè rẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká. Gbogbo fánìṣì tó wà nínú ìlà náà gbọ́dọ̀ kúrò títí tí igi lásán á fi hàn. Ẹ kàn dúró ní ìdajì mílímítà sí mílímítà kan kẹ́ ẹ tó kan ìlà, kí ibi tí ẹ fá má baà hàn síta. Fífá ni o, ẹ má fi ọ̀bẹ gé yíká. Ìlà ọ̀bẹ tó dábùú fọ́nrán pákó fẹ́lẹ́ yìí ni ojú gìtá á gbà là lọ́jọ́ kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ojú gìtá kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó yọ ikùn díẹ̀ kó lè gba ẹrù. Bíríìjì tí ìdí rẹ̀ tẹ́ bí rúlà á dúró lórí ikùn yẹn, apá rẹ̀ méjèèjì á sì wà lófuurufú. Kíláǹpù, irin tí a fi ń há igi pọ̀ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí kíláǹpù bá kúrò, igi á fẹ́ padà sí bó ṣe wà, yóò sì máa fa gọ́ọ̀mù títí yóò fi já. Bí a ṣe ń yanjú rẹ̀ nìyí: ẹ fi téèpù lẹ sáńpépà nọ́ńbà 120 mọ́ ojú gìtá gan-an níbi tí bíríìjì á jókòó, kí ojú tó ń ha wà lókè. Ẹ fi pẹ́ńsù ya gbogbo ìdí bíríìjì. Ẹ wá máa fa bíríìjì lọ bọ̀ lórí sáńpépà náà, ní ìwọ̀nba, láti ọ̀nà ọrùn sí ìdí. Ibi tí pẹ́ńsù kò tíì pa rẹ́ ni kò tíì kan igi. Nígbà tí gbogbo pẹ́ńsù bá lọ, ìdí bíríìjì ti gba àwòrán ojú gìtá náà. Ẹ yọ sáńpépà, ẹ gbé e lé ibẹ̀, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn: ìmọ́lẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ là kọjá.

Tí ikùn náà bá pọ̀ débi pé ó wú bọ̀ǹbọ̀, ẹ fi ọwọ́ kan àwọn igi ìgbèrò tó wà nínú gìtá, àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ojú rẹ̀ láti gbé e ró. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti já. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lẹ̀.

Bíríìjì tó jẹ́ igi rosewood tàbí ẹ́bónì máa ń ní epo nínú. Ẹ fi acetone, èyí tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, nu ìdí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ta gọ́ọ̀mù sí i. Kó má ṣe kan fánìṣì o, á bó o. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́ tuntun, igi apá le tó iṣẹ́ náà. Arère rọ̀ jù.

## Ibo gan-an ni kó jókòó?

Bí gìtá bá ti ń dún dáadáa tẹ́lẹ̀, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni. Bí bíríìjì bá jẹ́ tuntun, ẹ wọ̀n láti ibi tí okùn ti kúrò ní orí ọrùn dé fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Ká ní ó jẹ́ mílímítà 325. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 650, ṣùgbọ́n títẹ okùn mọ́lẹ̀ ń fà á le díẹ̀, nítorí náà a ó fi kún un: lórí gìtá olókùn irin, okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù á kan sádù ní bíi 652, èyí tó nípọn jù ní bíi 655. Ìdí nìyẹn tí sádù rẹ̀ fi máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún náílọ́ọ̀nù àti yukulélé, mílímítà méjì bẹ́ẹ̀ tó. Ẹ na òwú méjì láti orí ọrùn wá sí bíríìjì ní ipò okùn àkọ́kọ́ àti ti ìgbẹ̀yìn, kí àyè tó wà láàárín wọn àti etí ọrùn dọ́gba lọ́tùn-ún lósì.

Bíríìjì máa ń yọ̀ tí gọ́ọ̀mù bá ti tutù lábẹ́ rẹ̀. Lórí gìtá onípíìnì, ẹ ki bóòtù kékeré tí a fi àbẹ́là pa sínú ihò píìnì àkọ́kọ́ àti ìkẹfà. Lórí yukulélé, ẹ lu ihò kékeré méjì gba inú kòtò sádù, kẹ́ ẹ fi ìṣó tín-ínrín méjì sí i fún ìgbà díẹ̀. Sádù ló máa bo ojú ihò náà.

## Gọ́ọ̀mù àti kíláǹpù

Ẹ kọ́kọ́ ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù, torí ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ ní tí gọ́ọ̀mù bá ti kan igi, ọyẹ́ sì lè dín in kù. Gìtá fẹ́ kíláǹpù mẹ́ta ọlọ́rùn gígùn tó lè gba ihò wọlé: ọ̀kan láàárín, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Nínú, ẹ fi pákó kékeré tí a wé ní náílọ́ọ̀nù sí abẹ́ ojú gìtá, tí a gbẹ́ kó má bàa gun àwọn igi ìgbèrò.

Ẹ ta gọ́ọ̀mù sí ìdí bíríìjì, ẹ fi ìka tẹ́ ẹ kárí títí dé igun. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ de ti àárín kẹ́ ẹ tó de ti ẹ̀gbẹ́. Kí gọ́ọ̀mù yọ wẹ́wẹ́ yíká etí ni àmì pé ó tó. Bí kò bá yọ rárá, ó kéré. Bẹ́ ẹ bá sì fi gbogbo agbára de kíláǹpù, ẹ ó fún gọ́ọ̀mù jáde tán, igi méjì á sì kàn fara kanra lásán. Ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin nu etí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ yọ ìṣó tàbí bóòtù lẹ́yìn bíi ìdajì wákàtí.

Ihò yukulélé kéré jù fún ọ̀pọ̀ kíláǹpù. Ẹ gé igi kan tó ga gẹ́lẹ́ bí inú rẹ̀, ẹ ti í gba ihò lọ dúró sábẹ́ bíríìjì, kẹ́ ẹ wá fi tíúbù kẹ̀kẹ́ tí a là wé ara yukulélé àti pákó orí bíríìjì pọ̀. Igi inú yẹn ni kò ní jẹ́ kí ojú rẹ̀ wọlé.

## Ìgbà wo ni okùn lè padà?

Wákàtí 24 ní ọyẹ́, 48 nígbà òjò, bó ti wù kí ìsìn ọjọ́ Àìkú súnmọ́ tó. Ohun tí wọ́n kọ sára ike, pé kí kíláǹpù kúrò lẹ́yìn wákàtí kan, wà fún ẹsẹ̀ tábìlì tí okùn kò fà. Ẹ yí okùn dé ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ díẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ fi bébà yẹ etí ẹ̀yìn wò láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó yí i dé ibi tó yẹ.

Ẹ wá fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá kó dún bí agogo, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ fírẹ́ẹ̀tì náà. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bá ga jù, sádù ti súnmọ́ ọrùn jù. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá pọ̀, ẹ fi fáìlì fá orí sádù kí okùn máa kúrò láti etí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá relẹ̀ jù, ẹ fá a kí okùn máa kúrò láti etí iwájú.